Ta Ló Ń Jẹ Owó Ẹ̀rọ Ọ́síjìn?

"Wọ́n ní…"

"Ta ló ní?"

"Wọ́n ṣá ní. Wọ́n ní Mátírọ́nù ti rí ìdí owó tó ń… o mọ owó tí mò ń wí."

"Èyí tí wọ́n ń wá láti ìgbà…"

"Òun náà. Wọ́n ní ẹlẹ́rọ ló ń…"

"Háà! Ẹlẹ́rọ tiwa yìí?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Ẹni bá rí i bó ṣe ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, tó ń kírun, á rò pé…"

"Dákẹ́. Ó ń bọ̀."

Ràímì Yésúfù gbọ́ "dákẹ́, ó ń bọ̀" yẹn. Etí rẹ̀ ò tíì di. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlá tẹ́tí sí ẹ̀rọ láti mọ èyí tó ń mí dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ń mí gúlegúle, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu géètì ló máa wá ṣì gbọ́? Ó kí wọn, wọ́n sì kí i padà ju bó ṣe yẹ lọ. Ayọ̀wálé dírẹ́bà, ẹni tó máa ń pariwo láràárọ̀ pé "Bàbá Ẹlẹ́rọ, àgbà òṣìṣẹ́, àkàrà wa dà?", lọ́jọ́ yẹn ńṣe ló dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn. Ràímì wo ìpàkọ́ rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọmọ tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ni, tó bá dédé dọ̀bálẹ̀, yálà ó fẹ́ yáwó ni, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú ni tán.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ Ìmísí, lẹ́yìn títì Àgbádárìgì ní Òkokomáìkò, kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n ń ra ẹ̀rọ ọ́síjìn, àpótí kan tó ga dé itan, tó ní ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ yìí á fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, á sẹ́ ẹ, á sì fi èyí tó dára ránṣẹ́ gba inú rọ́bà sí imú aláìsàn. Wọn kì í tà á. Wọ́n á gbé e sí ilé ìwòsàn kéékèèké, ilé ìwòsàn á máa san owó lílò rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀rọ á sì máa jẹ́ ti Ìmísí títí tó fi máa kú. Tó bá ṣàìsàn, Ràímì ni dókítà rẹ̀.

Christiana Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Mátírọ́nù nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì péré nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìbà Ẹ́sítéètì. Ràímì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà síṣẹ́. Nígbà yẹn, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé ẹ̀rọ sáàárín ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí Mátírọ́nù á di orí rẹ̀ mú bí ẹni tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Báyìí, ẹ̀rọ ti di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjànìkin. Òṣìṣẹ́ ti di mọ́kàndínlógún, gbogbo wọn ló sì ń pe Ràímì ní Ẹlẹ́rọ. Àwọn mìíràn nínú wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń da Mátírọ́nù láàmú láti bí oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i, owó tó ń wọlé ń pọ̀ sí i, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti yọ ohun tó ná wọn láti rí owó náà, èyí tó ń kù sílẹ̀ ń tín-ín-rín. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń béèrè lọ́wọ́ òsì. Ó ti yẹ owó epo wò, ó ti yẹ owó jẹnẹrétọ̀ wò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé Mátírọ́nù ń wá owó kan.

Nígbà tí Ràímì dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó bá ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí ní ṣíṣí. Mátírọ́nù wà nínú rẹ̀, ó mú àgádágodo tuntun lọ́wọ́, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Bàbá Faridah, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ yín. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni. A fẹ́ yẹ ìwé wò."

"Ìwé wo, mà?"

"Ìwé náà ṣá ni. Kò sí nǹkan kan."

"Tí kò bá sí nǹkan kan, kí ni kọ́kọ́rọ́ ṣe?"

Mátírọ́nù wo ògiri. Obìnrin tí kì í wo ògiri bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni. "Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó fẹ́ fi owó kún tiwa. Mo fẹ́ kí wọ́n bá ilé tó tòrò."

Ràímì yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára àwọn yòókù. Inú ń bí i. Ìbínú tó ń pariwo rọrùn, ó máa ń tètè tán. Èyí bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ bí omi òjò ṣe ń wọ yàrá ìsàlẹ̀ ní Ọ̀jọ́: kò dún, kò hó, ṣùgbọ́n kó tó dé eteetí bẹ́ẹ̀dì, bàtà ti ń léfòó. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì, kò fi lé e lọ́wọ́.

"Ilé tó tòrò," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà."

Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n pè láti ilé ìwòsàn kan ní Ìjànìkin pé ẹ̀rọ wọn ń ké. Ayọ̀wálé ló wa mọ́tò gbé e lọ. Dírẹ́bà tó máa ń fi orin ìjọ rẹ̀ gún èèyàn létí láti Òkokomáìkò dé ibikíbi tí wọ́n bá ń lọ, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi òwú dí lẹ́nu. Ràímì gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sórí itan.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Àbídèmí ló gbà wọ́n. Ó mọ Ràímì dáadáa, òun ló ń pè é ní "ọkọ mi" tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó tẹ̀lé e dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí àyà.

"Ìyàwó mi, ṣé aláìsàn ò sí ni?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Dókítà ní kí n dúró tì yín."

"Kí o dúró tì mí ṣe kí ni?"

"Kí n máa…" Ó wo ilẹ̀. "Kí n máa ka nǹkan tí ẹ bá yọ jáde. Wọ́n ní àwọn kan pè láti ọ̀dọ̀ yín."

Ràímì tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, skúrù kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ń tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn ní ìlà gbọọrọ. "Kà á," ó ní. "Skúrù mẹ́jọ. Fílítà kan, ó ti dúdú. Kà á." Ó yọ agolo tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó da díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ẹyọ róbótóróbótó bí ọkà bàbà ni. Ó yẹ kí wọ́n funfun kí wọ́n sì gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti pọ́n, wọ́n ti rin. "Kà á náà, ìyàwó mi. Ohun tó ń sẹ́ ọ́síjìn nìyẹn. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ yìí wá, ọ́síjìn inú ohun tó ń fẹ́ jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Wo mítà mi: mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Kò sẹ́ni tó jí ìyókù. Wákàtí ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàlá ló ti ṣiṣẹ́. Ọ̀rinrin, eruku, iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Kí o sọ fún dókítà pé o kà á pé."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ sunkún. Ràímì ò bẹ̀ ẹ́. Ó pààrọ̀ ohun tó yẹ kó pààrọ̀, ó dá skúrù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà, ó sì jáde.

Inú mọ́tò ló ti mú Ayọ̀wálé. Kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò, Ràímì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lo gbọ́?"

"Bàbá, èmi ò…"

"Ayọ̀wálé, ìdọ̀bálẹ̀ àárọ̀ yìí ti jẹ́wọ́ fún ọ. Kí lo gbọ́?"

Dírẹ́bà náà mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo dúró lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì Mátírọ́nù, mò ń retí owó epo. Jẹnẹrétọ̀ ń hó nítòsí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó tó ń sọnù. Mo wá gbọ́ ọ ketekete: 'ẹlẹ́rọ ló ń jẹ ẹ́.' Mo lè fi Bíbélì búra."

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn Mátírọ́nù ni. Àbí ti Mofẹ́ akáùntáǹtì? Ohùn obìnrin ṣá ni, Bàbá."

"O ò dá a mọ̀, o sì gbé e dé ẹnu géètì. Ta ló gbé e dé Ìjànìkin?"

Ayọ̀wálé ṣíná mọ́tò.

Mofẹ́! Ìyẹn gan-an ló dun Ràímì jù. Ìdí ni pé nínú oṣù kẹta, ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ìṣirò yìí, Mofẹ́olúwa, ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, tó kúnlẹ̀, tó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ kan, ọdún mélòó ló ń lò kó tó kú?" Ràímì fún un ní àga. Ó mú ìwé tó ń kọ wákàtí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí jáde, ó ṣí i fún un láti orí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó ní ìwé tó bá ẹ̀rọ wá sọ pé ọdún méje, ṣùgbọ́n ìlú olótùútù ni wọ́n ti kọ ìyẹn. Níbí, níbi tí iyọ̀ òkun wà nínú afẹ́fẹ́, ọdún mẹ́rin ni. Mofẹ́ kọ mẹ́rin sílẹ̀. Ó dúpẹ́ títí. Ṣé ìwé tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣí ni wọ́n wá fi ń pe òun lólè?

Ó gba ọ́fíìsì ọmọ náà lọ tààrà, kò kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹ káàbọ̀ sà."

"Má kí mi. Kí lo fi ìwé mi ṣe?"

Mofẹ́ dìde. Ó ń di bírò mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. "Bàbá, mo fi ṣe dẹpirisiéṣọ̀n ni."

"Sọ ọ́ ní èdè tí ìyá rẹ fi bí ọ."

"Gbígbó ni, Bàbá. Gbígbó ẹ̀rọ." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fi ìka ṣàpèjúwe bí olùkọ́ ilé ìwé ọmọdé. "Tí a bá ra ẹ̀rọ kan lónìí, tó sì máa lo ọdún mẹ́rin, kò dáa kí a ka gbogbo owó rẹ̀ sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí a rà á. A ó pín in sí oṣù méjìdínláàádọ́ta. Lóṣooṣù, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti lọ. Díẹ̀ yẹn ni à ń kọ sílẹ̀. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló wà, tó ń pawó fún wa, inú ohun tó ná wa láti pa owó yẹn ni a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí, kì í ṣe inú owó bébà àti owó tíì ti ọ́fíìsì. Ẹni tó ṣe ìwé kí n tó dé ò kọ ọ́ síbì kankan. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i, gbígbó ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí èrè fi…"

"Ó yé mi," Ràímì ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju igbe lọ. "Ó yé mi jù ọ́ lọ. Èmi ni mo sọ fún ọ. Mo ń fi ọwọ́ mi kan gbígbó yẹn lójoojúmọ́, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé ta ló ní èmi ni mò ń jẹ ẹ́."

Mofẹ́ gbé bírò sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Kí lo sọ fún Mátírọ́nù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Mi ò ní kí o búra o. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ gan-an ni kí o tún sọ."

"Bàbá, mi ò pè yín lólè."

"Ta ló wá pè mí bẹ́ẹ̀?"

Omijé ti dé ojú Mofẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Mátírọ́nù ní ohun tí a bá sọ ní ọ́fíìsì òun, kó má jáde. Lẹ́tà tí wọ́n fi máa gbà mí síṣẹ́ pátápátá ò tíì jáde."

"Lẹ́tà tìrẹ ò tíì jáde," Ràímì ní, "ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ti jáde. Ó ti dé Ìjànìkin. Ó wọ mọ́tò ṣáájú mi."

Ó fa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá àgbàlagbà tó ń gbálẹ̀, tó ń nu ọ́fíìsì, tó sì ń gbé oúnjẹ fún Mátírọ́nù. Ọmọ Ọ̀jọ́ bíi tirẹ̀ ni, ó sì ju Ràímì lọ ní ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Ìyá náà na ife omi kan sí i.

"Ọmọ Yésúfù, mu omi."

"Ìyá, iná tó ń jó nínú mi yìí, omi ife kan ò lè pa á."

"Mo rí i," ìyá náà ní. Ó gbé ife náà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì ń bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Hussein tó ń mójú tó owó mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ fáànù mẹ́rin lé Ràímì lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé kó bá wọn rà á ní Alábà, kó sì so ó mọ́ òrùlé. Hussein ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní ẹ̀yin Ẹlẹ́rọ, iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn yín, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa ra fáànù náà. Ràímì bi í léèrè ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́rùn òun. Hussein ní, "Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní kó má di ọ̀rọ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, kò jáde. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ bẹ Mátírọ́nù. Ó bi í pé kí lòun máa bẹ̀ ẹ́ fún. Ìyàwó rẹ̀ ní èèyàn lè bẹ̀bẹ̀ láìṣẹ̀. Ràímì ní òun mọ̀, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ láìṣẹ̀ ti ṣẹ̀ nìyẹn, lójú gbogbo ẹni tó bá rí i lórí ìkúnlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá! Kò sí ìgbà kan tí ó mú fílítà kan lọ sílé. Ó ti fi owó àpò ara rẹ̀ ra skúrù rí. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé nítorí pé iṣẹ́ ò sí, á lọ. Ṣùgbọ́n kó máa gbé Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ àdúgbò máa na ìka sí i pé ẹni tó ń jẹ owó ọ́síjìn aláìsàn nìyẹn? Ọ́síjìn! Ẹni tó bá jí ọ́síjìn, ẹ̀mí ló jí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó fi ń lọ kírun, ó dé fìlà, ó sì rin wọ inú ọgbà Ìmísí bí ẹni tó ń bọ̀ wá gba ìyàwó.

Àwọn àlejò ti dé. Wọ́n jẹ́ méjì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínwándé, tó wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn, àti ọmọbìnrin kan tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Mátírọ́nù ń fi ẹ̀rọ tuntun mẹ́fà hàn wọ́n lábẹ́ àtíbàbà. Mofẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ọmọ ilé ìwé, Ayọ̀wálé wà láàárín wọn. Ìyá Àwẹ̀ró ń gbé tírè mínírà lọ fún àwọn àlejò.

"Mátírọ́nù," Ràímì ní, "ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin àlejò, ẹ káàbọ̀. Mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n sọ nípa mi lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú mi."

"Bàbá Faridah," Mátírọ́nù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú, "ẹ jẹ́ ká wọlé. Kì í ṣe ibí."

"Ibi tó ti jáde náà nìyí."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Akínwándé bi wọ́n.

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni, sà. Ìnáwó wa tó gòkè tí ẹ béèrè nínú lẹ́tà yín, a ti rí ibi tó ti ń jò, a sì ti dí i. Kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Ràímì. Àwọn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló bá a wò ó, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú Ràímì ṣú. "Ta ni ẹni náà? Ẹ dárúkọ rẹ̀!"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò pè yín lólè. Àwọn òfófó abẹ́ fèrèsé ló ń dá yín láàmú." Mátírọ́nù yíjú sí Ayọ̀wálé, Ayọ̀wálé sì súnrakì. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ ń wí yẹn, àwa méjì péré la wà nínú ọ́fíìsì mi, èmi àti Mofẹ́. Mofẹ́, ṣé a pe Bàbá lólè?"

Mofẹ́ ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ rí i," Mátírọ́nù ní. "Àwa méjì péré."

"Àwa mẹ́ta ni."

Gbogbo wọn yíjú. Ìyá Àwẹ̀ró ti gbé tírè mínírà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ọ́síjìn tuntun kan. Ó ń fi etí ìró nu ọwọ́, sùúrùsùúrù.

"Àwa mẹ́ta ni, Mátírọ́nù. Mò ń nu abẹ́ tábìlì yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè fún mi kí n lè nu ibẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé, ta lẹ rò pé ẹ gbé e fún? Ìgbálẹ̀?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín níbi ògiri, ó sì yára gbé e mì.

"Ìyá, ẹ lọ sẹ́nu iṣẹ́ yín," Mátírọ́nù ní.

"Ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè nǹkan kan rí, mi ò sì sọ nǹkan kan rí." Ó kọjú sí Ràímì. "Ọmọ Yésúfù, bi mí."

Ní Ọ̀jọ́, àwọn àgbà mọ ilé tí Ìyá Àwẹ̀ró ti jáde. Ilé ìránṣẹ́ ni. Kí mọ́tò tó pọ̀, kí fóònù tó dé, baba rẹ̀ ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn olóyè láti ìletò kan sí èkejì, ní ẹsẹ̀ àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kò sì mọ̀wé. Bí ẹni tó rán an bá wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀, á wúkọ́ níbi tó yẹ kó wúkọ́ nígbà tó bá débẹ̀. Wọ́n fi ẹgba kọ́ ọmọ ilé yẹn: iṣẹ́ tí a rán ọ, má bù ú, má fi kún un, bí o bá bù ú, o ti pa ẹnì kan, bí o bá fi kún un, o ti pa ẹlòmíràn. Ìyá Àwẹ̀ró ò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ etí rẹ̀, bó ṣe wọlé ló máa jáde.

Ràímì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ìyá," ó ní, "mo bi yín. Kí ni wọ́n sọ?"

"Ìyá, mo ní kí ẹ lọ!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́," Akínwándé ní.

Ìyá Àwẹ̀ró nàró. Ó ká ọwọ́ méjèèjì síwájú ara rẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú olóyè. "Mi ò ní bù ú, mi ò ní fi kún un. Mofẹ́olúwa, níbi tí mo bá ti ṣì í, kí o dá mi dúró."

Mofẹ́ gbé ojú sókè. Ó mi orí pé òun gbà.

"Mátírọ́nù ní: 'Mofẹ́, ẹ̀rọ ń pọ̀, owó ń wọlé, èrè ò gòkè. Ta ló ń jẹ owó mi?' Mofẹ́ ní: 'Mà, èèyàn kankan ò jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ló ń jẹ ẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà níta ló ń gbó, gbígbó yẹn ni mo kọ mọ́ ohun tó ná wa.' Jẹnẹrétọ̀ ń hó. Mátírọ́nù ní: 'Ṣé ẹlẹ́rọ ló ń jẹ ẹ́?' Mofẹ́ ní: 'Rárá mà, ẹ̀rọ ni mo wí. Bàbá Ẹlẹ́rọ ò mú kọ́bọ̀. Ìwé wọn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀.' Mátírọ́nù dákẹ́. Ó bu omi mu. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè fún mi. Ó wá ní: 'Mo ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Tí mo bá ní ẹ̀rọ mi ń gbó, wọ́n á sá. Tí mo bá ní ọwọ́ ẹnì kan ló ń jò, tí mo sì ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní mo gbọ́n.' Mofẹ́ ní: 'Mà, Bàbá máa bínú.' Mátírọ́nù rẹ́rìn-ín. Ó ní: 'Jẹ́ kó bínú. Ràímì náà ti gbó. Ta ló máa gba ẹlẹ́rọ tó ti gbó síṣẹ́?'"